Ìyá Sàárà ní Ìdí Tábìlì Kéèkì

Kò sí ẹni tí í wọ ilé Àrínọlá Oyèyẹmí ní àdúgbò Valence ní Dagenham, nílùú òyìnbó, kí ebi tún bá a jáde. Ọkùnrin tí ó wá ka mítà iná ní ọjọ́ kan fẹ́ lo ìṣẹ́jú méjì, ó lo ogójì, ó sì gbé mọ́ínmọ́ín mẹ́ta lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kiri láti kìlọ̀ fún aráyé pé òpin ti dé jẹun tán níbẹ̀, wọ́n sì gbàgbé ohun tí wọ́n bá wá. Bùnmi ọmọ rẹ̀, tí ó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ti bẹ̀ ẹ́ títí pé, "Mummy, please, kì í ṣe everybody ni ebi ń pa o," ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe ẹ̀bọ́lọ́ kó má rùn ìgbẹ́. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n bí Àrínọlá sí, nínú ilé kan tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà oko, níbi tí ìyá rẹ̀ ti máa ń pe ẹni tí kò mọ̀ rí wọlé wá jẹun. Ọdún mọ́kàndínlógún ni òun náà fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Goresbrook, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé ṣíbí rẹ̀ tóbi ju ti àwọn yòókù lọ. Irọ́ ni. Ṣíbí kan náà ni gbogbo wọn ń lò, ọwọ́ tirẹ̀ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń bu díẹ̀.

Nínú ìjọ Aládùúrà tí ó ń lọ, Ìyá Sàárà ni wọ́n ń pè é. Bí ọmọ ìjọ kan bá fẹ́ dúpẹ́ oore, yóò ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, bisikíìtì, àgbọn, ẹ̀pà àti ṣúgà, wọn á tò ó sórí tábìlì tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, òjíṣẹ́ Ọlọ́run á wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á gbàdúrà sí i, ìjọ á ṣe Àmín, wọn á sì pín in. Pípín yẹn ni iṣẹ́ Àrínọlá láti ọdún mọ́kànlélógún. Ọmọdé ló ń kọ́kọ́ gbà, àlejò ló tẹ̀ lé ọmọdé, àgbà ló tẹ̀ lé àlejò, ẹni tó ń pín kì í sì í fọwọ́ kan tirẹ̀ títí ọwọ́ gbogbo ènìyàn á fi kún. Ohun tí wọ́n bá ti gbàdúrà sí kò gbọ́dọ̀ padà sílé. Ó lè pín ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́wàá fún ọgọ́ta ènìyàn kí ẹnikẹ́ni má bínú, àwọn tó kàwé dé yunifásítì nínú ìjọ náà kò sì lè ṣe irú rẹ̀.

Ìjọ yìí kò ní ilé tirẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ wà ní òkè ṣọ́ọ̀bù kan, onílé lé wọn nítorí ìlù. Wọ́n kó lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Barking, òrùlé ń jò, òórùn táyà sì gba imú wọn tó bẹ́ẹ̀ tí tùràrí kò fi rí i borí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ìjọ àwọn òyìnbó, ṣọ́ọ̀ṣì àtayébáyé kan ní Dagenham Village, gbà kí wọ́n máa lo họ́ọ̀lù àwọn ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Họ́ọ̀lù gidi ni. Ó ń móoru, ó ní ilé ìdáná, ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀ sì ní ilẹ̀kùn. Àwọn ìyá àgbà tó máa ń bẹ̀rù àti wá nígbà òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í dé kí wọ́n tó ṣí géètì. Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ti kọ lẹ́tà nípa ariwo, ìjọ òyìnbó sì ti sọ pé ní oṣù September, àwọn á jókòó pinnu bóyá kí Aládùúrà máa bá a lọ tàbí kí wọ́n wábi gbà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Michelle ló di kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti họ́ọ̀lù mú. Ọmọ Dagenham pọ́ńbélé ni, ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, kì í sì í rẹ́rìn-ín lásán. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ibi tí Michelle bá fì sí ni ìpàdé máa fì sí.

Nígbà tí Michelle wá béèrè ẹnìkan láti ìjọ Aládùúrà tí yóò bá òun ṣọ́ àgọ́ kéèkì ní ọjọ́ àríyá ọdọọdún wọn ní oṣù July, Àpọ́sítélì Akíndúró, tí ó jẹ́ olórí ìjọ, pe Àrínọlá sí kọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ̀yin la fẹ́ rán o. Ẹ ti bá òyìnbó ṣiṣẹ́ pẹ́, English yín sì clear. Ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ríran síbẹ̀, ẹ má sọ tẹ́lẹ̀, ẹ má bọ́ bàtà. Tí ẹ bá dé, ẹ kàn máa smile. Họ́ọ̀lù yìí wà lọ́wọ́ yín."

"Àpọ́sítélì, ẹ fọkàn balẹ̀ sà. Kéèkì lásán ni mo fẹ́ ṣọ́. Kí ni kéèkì máa ṣe tí n ò ní lè kápá ẹ̀?"

Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Michelle ti sọ fún un pé olùrànlọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan náà lè gbé kéèkì kan wá fún ìdíje. Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, Àrínọlá gbé tirẹ̀ sórí itan nínú bọ́ọ̀sì bí ẹni gbé ọmọ tuntun: kéèkì aláwọ̀ wúrà, tí ó rin èèpo ọsàn sí, tí ó sì fi bọ́tà tí kò láfiwé pò. Aṣọ olódòdó ni ó wọ̀, ó dé fìlà koríko, ó sì de okùn bàtà rẹ̀ ní ìlọ́po méjì.

Àwọn òyìnbó ní fẹ́ẹ̀tì ni àwọn ń pe ohun tí wọ́n ń ṣe. Bàsáà ni Àrínọlá mọ̀ ọ́n sí, ó sì ti lọ sí bàsáà tó pọ̀ láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Níbí, wọ́n gbé àgbọn sórí igi, wọ́n sì ń ju bọ́ọ̀lù lù ú, àwọn àgbàlagbà, tagbáratagbára. Kò mọ ohun tí àgbọn ṣe fún wọn. Wọ́n ń fún ajá ní ẹ̀bùn nítorí pé ó mọ ìrù jù. Ní iwájú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn bàbá arúgbó mẹ́fà so ṣaworo mọ́ orúnkún, wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń ju áńkáṣíìfù. Àrínọlá ti sún mọ́ ọ̀kan nínú wọn, ó ti na ọwọ́ láti dì í mú kí ó má baà ṣubú, kí ó tó rí i pé ẹ̀mí kọ́ ló gbé bàbá náà, ijó ni wọ́n ń jó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, ó sì kọjá lọ.

Nínú àgọ́, kéèkì mọ́kànlá wà lórí tábìlì gígùn kan tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Nọ́ńbà wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó ni ín wà lẹ́yìn káàdì. Tirẹ̀ ni ìkọkànlá, ní ìparí tábìlì. Ti Michelle, tí wọ́n fi ṣokoléètì bò láti òkè dé ilẹ̀, ni àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́sàn-án léra ni Michelle ti fi kéèkì yìí gba ríbọ́ọ̀nù búlúù tí wọ́n ń fún ẹni tó bá gbégbá orókè.

"Aago mẹ́ta ni adájọ́ ń bọ̀," Michelle sọ fún un. "Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun títí a ó fi dá ẹjọ́ wọn. Mo fẹ́ lọ wo ìdí tíì lẹ́nu ọ̀nà họ́ọ̀lù, afẹ́fẹ́ ti gbé aṣọ tábìlì méjì lọ."

"Ẹ lọ ní ìrọ̀rùn," ni Àrínọlá wí, ó sì dúró ṣánṣán.

Wákàtí kan ni ó fi dúró bẹ́ẹ̀, wákàtí náà sì fìyà jẹ ẹ́. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń wo kéèkì, wọ́n ń sọ pé ó mà dára o, wọ́n sì ń jáde. Àwọn ọmọdé ń fi imú kan etí tábìlì, ìyá wọn ń fà wọ́n kúrò. Kéèkì mọ́kànlá, àlejò tí kò lóǹkà, kò sì sí ẹni tó rí nǹkan jẹ! Ìyá rẹ̀ ní Ìkọ̀lé ìbá ti bú sẹ́kún. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó wo òkè àgọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì fi ọ̀kan di èkejì mú.

Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú márùndínlógójì kí aago mẹ́ta lù, òjò dé. Kì í ṣe òjò wínníwínní tí wọ́n mọ̀ mọ́ ibí yìí, òjò àrọọ̀rọ̀dá bí tilé ni. Gbogbo bàsáà tú, gbogbo ẹni tó wà ní ìtòsí sì sáré wọ inú àgọ́ kéèkì: ìyá, ọmọ, ajá tó mọ ìrù jù, àwọn bàbá oníṣaworo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọ́n dúró há mọ́ ara wọn, omi ń kán lára wọn, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wo kéèkì. Àwọn ọmọdé ń gbọ̀n. Ẹni tó sáré wọlé kẹ́yìn ni Fíkà Ethan, àlùfáà ìjọ òyìnbó, ọ̀dọ́kùnrin tí kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n gbé e wá sí ìjọ náà, kọ́là àlùfáà wà lọ́rùn rẹ̀, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iwájú orí.

Fíkà rí i pé inú àwọn ènìyàn kò dùn, ó sì fẹ́ tù wọ́n nínú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti kéèkì kìíní, ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yìn wọ́n, títí ó fi dé ìkọkànlá. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ sókè.

"Olúwa, a dúpẹ́ fún òjò tí a kò bẹ̀ ọ́ fún. A dúpẹ́ fún àwọn ọwọ́ tó ṣe oúnjẹ yìí. Bù kún un, kí o sì bù kún gbogbo àwa tí a pé jọ síbí. Àmín."

"ÀMÍÍÍN!" ni Àrínọlá ké, ajá kan sì gbó.

Ẹ wò ó, ẹ má dá a lẹ́bi. Aṣọ funfun wà lórí tábìlì. Oúnjẹ wà lórí aṣọ. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ti gbàdúrà sí i, ìjọ ti ṣe Àmín. Ọdún mọ́kànlélógún ni ọwọ́ Àrínọlá ti mọ ohun tó kàn lẹ́yìn Àmín, ọwọ́ náà kò sì dúró bi orí léèrè. Ó rántí ọ̀rọ̀ adájọ́ díẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ wo ló tún kù? Ta ló lè jókòó dá ẹjọ́ lórí ohun tí àlùfáà ti bù kún? Ó mú ọ̀bẹ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ti Michelle.

"Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ bọ́ síwájú!"

Àwọn ọmọdé kò béèrè ìdí. Àwọn àgbàlagbà náà kò béèrè, nítorí bí obìnrin kan bá dúró nídìí tábìlì pẹ̀lú ọ̀bẹ àti fìlà, tí ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá, ohun tí òyìnbó mọ̀ ni pé kí òun lọ tò sórí ìlà. Wọ́n tò. Fíkà Ethan, tó jẹ́ àlejò ní Dagenham, rò pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, ó gba ègé kan, ó sì padà wá gba èkejì. Àrínọlá ń gé, ó ń pín, ojú rẹ̀ ń tàn. Ègé kọ̀ọ̀kan dọ́gba. Ó rántí bàbá tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláìlera lẹ́yìn pátápátá, ó ní kí wọ́n gbé tirẹ̀ fún un. Àwọn tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ níṣẹ̀ẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara wọn pé ẹ tọ́ eléyìí wò, ẹ tọ́ tọ̀hún wò. Ariwo sọ nínú àgọ́. Bàbá oníṣaworo kan gba sí ẹ̀gbẹ́ ìyá arúgbó kan, ó sì ń jó fún un pẹ̀lú ẹnu dídí. Inú Àrínọlá dùn dé ẹ̀yìn. Ó ti pẹ́ tí sàárà kan ti dùn báyìí.

Nígbà tí ó pín ìkẹwàá tán, kò sí ọwọ́ tó ṣófo mọ́. Òjò dá, oòrùn yọ, àwọn ènìyàn nu ẹnu, wọ́n dúpẹ́, wọ́n jáde. Tirẹ̀ ló kù, odindi, nítorí pé ẹni tó ń pín kì í fọwọ́ kan tirẹ̀.

Aago mẹ́ta lù. Michelle wọlé pẹ̀lú adájọ́, màmá òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mú fọ́ọ̀kì kékeré dání, àwọn tó ni kéèkì mẹ́sàn-án yòókù sì tẹ̀ lé wọn láti ìdí tíì. Wọ́n dúró. Àwo mẹ́wàá ṣófo lórí aṣọ funfun. Kéèkì kan ṣoṣo jókòó ní ìparí tábìlì, ó ń dán.

"Ta ló ni èyí?" adájọ́ béèrè. Ó yí káàdì padà. "Àrínọlá Oyèyẹmí."

Ojú gbogbo wọn yí sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà yẹn gan-an ni ó tó rí ohun tí wọ́n ń rí. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ọkùnrin kan tó gbé kéèkì olómi ọsàn wẹ́wẹ́ wá sọ ọ́ jáde pé, "Ó fi tiwa tọrẹ tán, ó fi tirẹ̀ pa mọ́." Adájọ́ ní òun kò rí irú èyí rí, ṣùgbọ́n òfin ni òfin: kéèkì kan ló wà lórí tábìlì, kéèkì kan náà ló gbọ́dọ̀ gba ipò kìíní. Ó sì na ríbọ́ọ̀nù búlúù sí i.

Ìtìjú bo Àrínọlá mọ́lẹ̀. Òórùn táyà Barking ni ó ń gbọ́. Ó ń rí àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú orúnkún dídùn, nítorí òun, Ìyá Sàárà, tí kò lè dúró wo oúnjẹ fún wákàtí kan.

"Àlùfáà gbàdúrà sí i," ni ó wí. "Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí àlùfáà bá ti gbàdúrà sí i, a máa ń pín in. Ẹni tó ń pín ló ń gbẹ̀yìn."

"Òótọ́ ni pé mo gbàdúrà," Fíkà Ethan sọ láti ẹnu ọ̀nà. Ṣokoléètì wà ní àgbọ̀n rẹ̀. "Mo sì jẹ méjì."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àrínọlá wo ríbọ́ọ̀nù, kò gbà á. Ó mú ọ̀bẹ, ó sì gé kéèkì tirẹ̀ sí mẹ́wàá gééré, adájọ́ ń pariwo pé, "Dúró, èmi kò tíì tọ́ ọ wò!" Ó kúnlẹ̀ sórí koríko tútù níwájú ọkùnrin ọlọ́sàn náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ègé kan fún un. Báyìí ni ó ṣe fún gbogbo àwọn tó ni kéèkì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, lórí ìkúnlẹ̀. Wọn kò mọ ibi tí wọ́n máa kojú sí. Ẹlòmíràn fẹ́ gbé e dìde, ẹlòmíràn fẹ́ kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Michelle, ègé kan ló kù. Adájọ́ kò rí nǹkan kan gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó gba ríbọ́ọ̀nù lọ́dún náà.

Michelle kò tíì jẹ ègé ọwọ́ rẹ̀. Ó ń wo àwo ṣokoléètì rẹ̀, tó mọ́ bí ẹni pé wọ́n fọ̀ ọ́.

"Tèmi ńkọ́?" ni ó béèrè. "Ta ló jẹ ẹ́?"

"Àwọn ọmọdé ni. Kò pé ìṣẹ́jú méjì. Ọmọ kékeré kan lá àwo yẹn, mo ní kó má ṣe é, kò gbọ́."

Ọdún mẹ́sàn-án ni adájọ́ ti ń fi fọ́ọ̀kì bu bíńtín lára kéèkì Michelle, tí Michelle á sì gbé ìyókù àti ríbọ́ọ̀nù lọ sílé tí òun nìkan ń gbé. Kò sí ẹni tó lá àwo rẹ̀ rí. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó yí i padà, ó ti le.

"Àrínọlá, gbọ́ mi dáadáa. Lọ́dún tó ń bọ̀, o kò gbọ́dọ̀ dé ìtòsí àgọ́ yìí. Kí ìjọ yín fi ẹlòmíràn ránṣẹ́ sídìí kéèkì. Ìdí tíì ni ìwọ máa wà, lọ́dọ̀ mi, níbi tí ojú mi á ti máa tó ọ. Dìde nílẹ̀."

Àrínọlá dìde. Ẹkún ni ó ń sun nígbà tó gba àárín àwọn ibojì àtijọ́ lọ sí ẹnu géètì, tó sì pe Àpọ́sítélì Akíndúró lórí fóònù.

"Àpọ́sítélì, ẹ forí jì mí sà. Mo ti ba nǹkan jẹ́. Mo pín kéèkì àwọn èèyàn fún gbogbo ayé."

"Ẹ ṣe kí ni? Màmá!"

"Ṣebí àlùfáà gbàdúrà sí i! Michelle bínú gan-an. Wọ́n ní lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò gbọ́dọ̀ dé ìdí kéèkì mọ́, ẹlòmíì ni kí ẹ rán. Wọ́n ní ìdí tíì ni kí n wà, kójú àwọn lè máa tó mi. Wọ́n bínú sí mi bí ẹbí ẹni ṣe máa ń bínú síni, sà."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ojú rẹ̀.

"Màmá," ni Àpọ́sítélì wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ náà lè fò lọ, "ẹ tún un sọ. Lọ́dún wo ni wọ́n ní?"